Yọ Ọ́ Kúrò Lára Iná Kí O Tó Yìn Ín

Rosettenville,
Johannesburg.
Ọjọ́rú.

Ìbùkún mi, Àníkẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a bí sí Jo'burg, tí màmá rẹ fi èdè Zulu tirẹ̀ sọ ní Thandeka,

Mo mọ̀ pé bí o bá rí ìwé yìí, ohun tí wàá kọ́kọ́ sọ ni pé, “Daddy, who still writes letters?” Èmi ni. Lórí fóònù, o máa ń dá mi lóhùn kí n tó sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì, èmi náà a sì yára dákẹ́. Ìwé ò ní já lu ọ̀rọ̀ mi. Inú Bíbélì àti ìwé orin ìjọ ni mo ti kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà, nítorí náà má sọ fún mi pé kò yé ọ. Jókòó, kà á tán kí o tó pè mí.

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun. Màmá rẹ náà kí ọ. Láti ìgbà tí o ti kó lọ sí Roodepoort, oúnjẹ ẹni mẹ́ta ló ṣì ń sè nínú ilé yìí, èmi ni wọ́n sì ń fi àjẹkù rẹ̀ jẹ níyà. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Bí àwọn ènìyàn bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí ni ọmọ mi ń ṣe, mo máa ń sọ fún wọn pé ilé ìtajà kọ̀ǹpútà ló wà, pé òun ni wọ́n ń gbé àwọn lápútọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú fún kí ó lò wọ́n wò, kí ó sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe fún àwọn tó fẹ́ rà wọ́n. Ẹnìkan bi mí pé, “Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?” Mo ní iṣẹ́ adájọ́ ni.

Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù lánàá kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní Alàgbà Ọlájídé ti yan lápútọ́ọ̀pù kan tí ìjọ máa rà fún àwọn ọmọ wa tó fẹ́ wọ yunifásítì. Wọ́n ti gbé ọ̀kan síwájú pẹpẹ, wọ́n ti gbàdúrà sí i, Alàgbà sì ti gbé e fún ọ pé kí o lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí o wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. O yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. O ní kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú, pé ó yẹ àwọn kan, kò sì yẹ àwọn kan, pàápàá jù lọ Sámúẹ́lì ọmọ Ìyá Ìjọ, tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Mo bi ọ́ pé kí ni wàá wá sọ. O rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ní, “Eish, Daddy, Alàgbà has already prayed over it. I'll just say it's fine, né?”

Mo ní, “Ó dáa, a máa rí i.” Mo sì gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹni tó ní nǹkan lórí iná. Láti ìgbà náà ni “it's fine” yẹn ti ń dún létí mi. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Inú ilé mi lo ti kọ́ ọ, mo sì fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ tèmi, ìyẹn àga. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jeppestown, tí mo ń tún àga ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn, ìgbéraga wà lára mi bí aṣọ tuntun. Ìyá àgbàlagbà kan, gogo bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n níbí, gbé àga rẹ̀ kan wá. Fóòmù inú rẹ̀ ti gbó tán. Ó ní kí n fi fóòmù tí owó rẹ̀ kéré jù lọ sí i. Mo wo fóòmù náà, mo wo ìyá yẹn, mo ní oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò bá mi jà. Ó ní, “Kulungile, mntanami,” ìyẹn ni pé ó dáa, ọmọ mi. Ó gbé àga rẹ̀, ó lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Orí kéréètì ìgò mínírà tó dojú dé ni mo bá a níbi tó jókòó sí, tó ń yá oòrùn. Fóòmù tí mo kẹ́gàn yẹn ì bá gbé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ara rẹ̀ ò wúwo rárá. Ìtìjú mú mi débi pé mo gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Nítorí náà, èkínní: má ṣe kẹ́gàn ohun olówó pọ́ọ́kú. Ìwọ tó o ń rí ẹ̀rọ olówó ńlá lórí àtẹ ilé ìtajà yín lójoojúmọ́ báyìí, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ọ́ bíi pé èyí tó kéré kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa náání. Kí o tó dá ẹjọ́ lápútọ́ọ̀pù kankan, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa lò ó, ohun tó fẹ́ fi ṣe, àti ibi tó máa ti lò ó. Ọmọ tó ń wọ taxi méjì kó tó dé kíláàsì nílò ohun tó fúyẹ́. Ọmọ tí iná máa ń lọ nílé wọn nílò bátìrì tó lágbára. Bí o kò bá mọ ẹni tó fẹ́ jókòó, má sọ̀rọ̀ nípa àga.

Èkejì, bí ó bá níbi tó dára sí, sọ ọ́ tẹnutẹnu. O sọ fún mi lánàá pé bátìrì ẹ̀rọ Alàgbà yìí le, pé o lò ó láti àárọ̀ títí tí ilé ìtajà fi fẹ́ pa, kò béèrè iná. O ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ rọ ọwọ́ lọ́rùn, pé kò wúwo, pé kì í gbóná lórí ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn! Sọ ọ́ níwájú ìjọ, kí inú Alàgbà dùn, nítorí òótọ́ ni. Àwọn kan rò pé ẹni tó bá rí àléébù nìkan ló gbọ́n. Mo ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, kò sí àga tó wò tí kò rí nǹkan bú lára rẹ̀, nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó tún ń gbọ́ ohun tó ń sọ, àní lọ́jọ́ tó bá tọ̀nà pàápàá.

Ẹ̀kẹta yìí, ìwọ lo kọ́ mi ní ìdajì rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àga wá, mo máa ń dojú rẹ̀ dé lórí ilẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun. Aṣọ tó ya ṣeé pààrọ̀. Fóòmù ṣeé pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí egungun igi inú rẹ̀ bá ti jẹrà, o kò lè fi aṣọ aláràbarà gbà á là. Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ, o ní bẹ́ẹ̀ náà ni lápútọ́ọ̀pù rí. O ní àwọn kan wà tí ìrántí wọn, ìyẹn memory, kéré ṣùgbọ́n tó ṣeé fi kún, pé ti èyí kò ṣeé fi kún, pé wọ́n ti jó o mọ́ ibẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bó ṣe wà lónìí ló máa wà títí ayé rẹ̀. O ní ojú rẹ̀ náà kò mọ́lẹ̀ tó, bí ènìyàn bá jókòó sí oòrùn kò ní rí nǹkan kan. Ó dáa. Ojú tí kò mọ́lẹ̀, ọmọ lè wọ abẹ́ igi. Ṣùgbọ́n ìrántí tó kéré tí kò sì ṣeé fi kún, egungun nìyẹn. Òun ni kí o sọ sókè jù. Má sì fi èdè ilé ìtajà yín sọ ọ́, tí àwọn ìyá ìjọ á máa mi orí láìgbọ́ nǹkan kan. Sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, pé bí ọmọ bá ń kọ lẹ́tà, tó ń kàwé, ó máa bá a lọ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí Sámúẹ́lì bá ṣí àwòrán ilé lé e lórí, á dúró, á máa ronú, títí Sámúẹ́lì á fi sùn lọ.

Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n n kò mọ nọ́ńbà tó lè gba ọ̀rọ̀ tó kàn yìí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ọdún tí o wọ yunifásítì, mo lọ bá Alàgbà Ọlájídé pé kó ta lápútọ́ọ̀pù àlòkù kan fún mi, torí ó ń tà wọ́n nígbà yẹn. O mọ ẹni tí Alàgbà jẹ́ sí mi. Òun ló gbà mí sílé nígbà tí mo dé ìlú yìí tí n kò mọ igun tí taxi ń gbà. Òun ló ra òòlù àti abẹ́rẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbọọrọ. Ó gbé lápútọ́ọ̀pù náà sórí tábìlì, ó ṣí i, ó tàn, ojú rẹ̀ mọ́ roro. Ó ní, “Ọmọ mi, èyí dáa. Ọmọ ẹ máa fi kàwé yege.”

Mo rí wáyà kan tó gba abẹ́ tábìlì lọ sára ògiri. Ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò lára iná ná, ká wò ó.” Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí o bá dán ọjà àgbà wò lójú rẹ̀, o ti pe àgbà ní olè. Èmi tí n kì í gba àga ẹnikẹ́ni láìdojú rẹ̀ dé, mo pa ojú mi dé lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á dá yín sí.” Mo gbé e, mo lọ.

O rántí ọjọ́ tí a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Wòlíì wọ́n omi àdúrà sí i, màmá rẹ sì yára já ìborí rẹ̀ bò ó kí omi má baà wọ inú rẹ̀, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. O kúnlẹ̀, o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, o dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà. Orí mi wú. Mo rò pé mo ti ṣe bàbá.

Lẹ́yìn ìyẹn lo bẹ̀rẹ̀ sí jókòó síbi ògiri. Lórí ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ìwọ àti lápútọ́ọ̀pù rẹ. Èmi àti màmá rẹ á wà lórí àga gígùn tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn, a óò máa wo tẹlifíṣọ̀n, a óò máa pè ọ́ pé wá jókòó tì wá. O ò ní wá. “It's fine, Daddy. I'm comfortable here.” Mo bínú. Mo fi Ìjẹ̀ṣà bá ọ wí, o sì mọ̀ pé bí Ìjẹ̀ṣà bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Mo ní ìwé ti gùn ọ́ lórí. Ọjọ́ kan, a gba àlejò, mo sọ níwájú wọn pé ẹ wo ọmọ mi, ó ti di òyìnbó, kò lè bá ènìyàn jókòó mọ́. O tẹ orí ba, o ń tẹ nǹkan tí o ń tẹ̀ lọ. Ojú mi ń wò ọ́, Àníkẹ́, n kò rí wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ.

Ìgbà tí o parí ẹ̀kọ́, tí o ra òmíràn, tí o fi ti àtijọ́ sílẹ̀ nílé, mo gbé e lọ sórí àga kí n fi wo ìsìn. Mo yọ ọ́ kúrò lára iná. Ó kú lójú ẹsẹ̀. Mo pe màmá rẹ pé nǹkan yìí ti bàjẹ́ o. Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

“Hawu, Baba! Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Bó ṣe ń ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Kí lẹ rò pé Thandeka ń ṣe níbi ògiri?”

Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ó ní, “Ọmọ yín ní kí n má sọ. Ó ní ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà níwájú gbogbo èèyàn, òun ò fẹ́ dójú tì yín.”

Nígbà tí màmá rẹ jáde, mo lọ jókòó síbi ògiri yẹn. Ìgbà òtútù ni. Ilẹ̀ yẹn tutù, ọmọ mi. O jókòó síbẹ̀ títí o fi gba ìwé ẹ̀rí, o sì gbé èébú tí mo bú ọ mọ́ ọn. Mo sunkún. N kò sọ fún ọ rí pé mo mọ̀. Ojú ló ń tì mí. Mo ń sọ fún ọ báyìí. Dákun, forí jì mí.

Má rò pé mo fẹ́ kí o bínú sí Alàgbà. Kì í ṣe olè. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti gba ẹ̀rọ náà, pé òun náà kò dán an wò, torí ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n. Ọ̀wọ̀ ló gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wa tó yọ ọ́ kúrò lára iná. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa wí. Mo fẹ́ fi kún un fún ọ: bí a bá wà lórí ìkúnlẹ̀ náà, à á máa ríran. Kúnlẹ̀ fún Alàgbà. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí eékún rẹ kan ilẹ̀. Kí o sì wo abẹ́ tábìlì.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ ìwọ nìyí. N kò ní dúró di ọjọ́ Ìsinmi. Màá lọ sílé Alàgbà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá gbé ẹ̀rọ náà dání. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kọ́kọ́ sọ fún un ohun tó dára lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, má sọ pé, “Ẹ ṣàṣìṣe, sà.” Ṣí ẹ̀rọ náà níwájú rẹ̀, ṣí irú àwòrán tí Sámúẹ́lì máa lò lé e lórí, kí o sì dákẹ́. Jẹ́ kí bàbá yẹn fi ojú ara rẹ̀ rí i bó ṣe ń fà. Ó gbọ́n, àgbà tó ti tajà rí ni. Kí o wá sọ pé, “Sà, ẹ jẹ́ ká ra èyí fún àwọn tó fẹ́ kọ́ èdè àti òfin, ká sì wá òmíràn fún Sámúẹ́lì, bó tilẹ̀ jẹ́ àlòkù tó lágbára.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Má lọ lọ́wọ́ òfo, mú èso díẹ̀ dání. Ó fẹ́ràn ẹ̀pà oníyọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kó dín iyọ̀ kù, nítorí náà ọsàn ni kí o rà.

Ó lè bínú. Mo mọ̀ ọ́n. Ó lè ní ìwọ ọmọ àná, ta ló bi ọ́. Ó tilẹ̀ lè ní kí o sọ fún ìjọ pé ohun gbogbo dára, pé Ọlọ́run á ṣe ìyókù. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, sọ pé, “Ẹ má bínú, sà,” kí o sì fi òtítọ́ náà sílẹ̀ níbi tó wà. Má fà á sẹ́yìn. Ọmọ Ìyá Ìjọ kò ní ẹlòmíràn tó máa ra ẹ̀rọ fún un lẹ́yìn èyí. Bí èyí kò bá lè gbé iṣẹ́ rẹ̀, òun náà máa wá ògiri tirẹ̀ jókòó tì, á sì máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé it's fine.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà, n kò ní parọ́ fún ọ. Bí Alàgbà bá ní òun kò ní kí mi mọ́, ọkàn mi máa gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì ti jẹ́ kí orí ọmọ kan wọ́ rí lójú mi. Mi ò ní jẹ́ kí o dá dúró.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n bá pè ọ́ jáde, màá jókòó sí iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà. Tí o bá ti sọ ibi tí ẹ̀rọ náà dára sí tán, kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde. Màá bi ọ́ níwájú gbogbo ìjọ pé, “Ìbùkún, kí ni kò lè ṣe?” Wo ojú mi kí o dá mi lóhùn. Òun ni ìbéèrè tí ó yẹ kí n ti bi ọ́ lọ́dún yẹn, nígbà tí o wà nílẹ̀ nílé mi.

Tí ìsìn bá parí, bá wa kálọ sílé. Màmá rẹ ti ní ẹran màlúù lòun fẹ́ sè. Mo ti pààrọ̀ aṣọ àga gígùn yẹn, mo sì ti fi sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tuntun sára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Àárín èmi àti màmá rẹ ni àyè tìrẹ wà.

Bàbá rẹ, tó ti ṣetán láti gbọ́.